Àpótí Ọnàkọ̀yà

Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti orí òkun dé Ìsarà,
ọ̀kan kọ́lé alájà mẹ́ta sí ọ̀nà Ìperu,
ọ̀kan ra ọkọ̀ àjàgbé méjì.
Ọnàkọ̀yà, àbúrò bàbá mi,
sọ àpótí kan kalẹ̀ ní ìloro,
ó ní ká rọra, ohùn ló wà nínú rẹ̀.

Ìyá àgbà ní, "Owó ńkọ́?"

Ó ṣí ìdérí. Ó fa agogo pẹrẹsẹ kan yọ,
ó fẹ̀ tó àtẹ aláta.
Kò là á mọ́lẹ̀ bí ẹni ń pa ejò;
ó kọ́kọ́ tọ́ ọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni ń jí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná,
kó tó fi kùmọ̀ tí a faṣọ wé lórí lù ú.
Ohùn náà jáde, kò tètè lọ.
Ó gba ẹ̀yìnkùlé, ó gba orí páànù ilé Ṣófowórà.
Adìyẹ dúró lẹ́sẹ̀ kan.

Ìyá àgbà ní, "Ó dáa. Owó ńkọ́?"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Èmi nìkan ló ń lọ bá a nírọ̀lẹ́,
ìkọ́kọrẹ́ mi á máa tutù nínú àwo.
Ti maráka, ọrùn ọwọ́ ló ń sọ̀rọ̀,
bí èjìká bá ti dá sí i, hóró inú rẹ̀ á dàrú bí ọmọ iléèwé tí agogo lù fún.
Ti kájọ́n, jókòó lé e: àpótí lásán lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n,
àárín rẹ̀ ń dún gbì bí ìṣubú àgbọn,
etí rẹ̀ ń ta bí igi tútù nínú iná.
Tábílà Kàlìkọ́tà, ìka ni, ìka ni, fi àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀.
Akèrègbè onílà láti Pọtoríkò, híha là ń ha á,
kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́-kẹ́ẹ́,
Ìyá àgbà sì kígbe láti ilé ìdáná:
"Ta ló ń ha ìkòkò mi? Ta ló jó ọbẹ̀?"

Ẹja onígi kan wà níbẹ̀, ikùn rẹ̀ ṣófo.
Àwọn ará Ṣáínà, ó ní, ń kàn án bí wọ́n bá ń gbàdúrà,
torí ẹja kì í pa ojú dé.
Mo sùn lọ níbi tó ti ń ṣàlàyé.
Ó fi ẹja náà jí mi.

Èyí tó kéré jù ló gbé lé mi lọ́wọ́:
irin tẹ́ẹ́rẹ́, onígun mẹ́ta, igun kan kò padé.
Mo dì í mú pinpin, mo lù ú. Kọ́. Bí ìṣó.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó já òwú létí ẹ̀wù rẹ̀, ó so ó rọ̀.
"Fi sílẹ̀ kó mí," ló wí.
Mo lù ú. N kò mọ orúkọ ohun tí mo gbọ́.

Ọyẹ́ ló mú un lọ. Ní ọjọ́ kẹjọ, ẹbí jókòó.
Odùbẹ̀rù ń kà á: bàtà mẹ́rin, rédíò kan,
ààbọ̀ ilẹ̀ ní Òde-Rẹ́mọ tí ẹjọ́ ṣì wà lórí rẹ̀.
"Àpótí yìí ńkọ́?"
Wọ́n wo àjà.
Ẹnì kan ní irin inú rẹ̀ á tó kílò mẹ́fà.

Ṣàgámù ni mo wà báyìí, mo ń rán aṣọ.
Mo fi òwú dúdú so irin náà sójú fèrèsé.
Lánàá, obìnrin kan wá gba ṣòkòtò ọkọ rẹ̀,
ó tọ́ka: "Èló lẹ ń ta nǹkan yẹn?"
N kò dáhùn. Mo fi abẹ́rẹ́ ńlá kàn án lẹ́ẹ̀kan.
Obìnrin náà dúró títí ó fi dákẹ́,
ó tún dúró díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn,
ó gbé ṣòkòtò, ó lọ.

Ó gbàgbé ṣéńjì rẹ̀ sórí máṣínnì mi.
Ọmọ Ìjẹ̀bú ni o.
Irínwó náírà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Òwú ṣì ń mì.