Ẹ̀rọ Ò Ní Èémí

Fìyìn, ọmọ ọmọ mi, ló ki díráàfù bọ inú fóònù fún mi,
ó ní, "Bàbá, ẹ máa fi èyí pa ìrọ̀lẹ́."
Ó mọ̀ pé láti ìgbà iṣu tuntun
n kì í sọdá títì mọ́ lọ sí ìsọ̀
tí Ọ̀ṣúngbèmí ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe.

Ìjà wa ò tóbi. Mo lọ tọ̀ lẹ́yìnkùlé,
mo dé, mo bá ọmọ kan
tó jókòó sí ilé tí mo fi sílẹ̀ lófìfo.
Mo ní ta ló gbé e síbẹ̀? Ó ní Ọlọ́run ni.
Mo dojú pátákó dé.
Ìdérí ìgò fọ́n ká dé ẹnu gọ́tà Alẹ́kúwodò.

Kọ̀ǹpútà yìí kì í jà ní tiẹ̀.
Mo fi ìka ti ọmọ, ó rìn.
Kí n tó mí, ó ti dá mi lóhùn.
Kì í họ orí, kì í wòkè
bí ẹni pé wọ́n kọ ìdáhùn sára páànù.
Ìpele kìíní, mo nà án, ó kú.
Ìpele kejì, a ta ọ̀mì.
Ìpele kẹrin, ó jẹ ọmọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
bí adìyẹ tó rí àgbàdo tí wọ́n sá,
ó sì dákẹ́.
Ta ní í na èèyàn báyìí tí kì í yangàn?
Ọ̀ṣúngbèmí ìbá ti dìde,
ìbá ti fi àkísà ọ́ìlì ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí mi,
ìbá ti pe gbogbo ọlọ́kadà
kí wọ́n wá wo òkú.

Lọ́jọ́ kan mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀,
n ò jẹ ọmọ tó yẹ kí n jẹ.
Mo ń retí kó fẹ́ mi.
Lọ́dọ̀ tiwa, bí o bá gbàgbé jíjẹ,
ẹnìkejì á gbé ọmọ rẹ síwájú ètè,
fùú! á fẹ́ ẹ kúrò láyé,
ìwọ a sì gbá orí mú.
Fóònù kàn gbọ̀n díẹ̀ lọ́wọ́ mi:
àfi dandan kí n jẹ.
Mo rẹ́rìn-ín. Àṣé ẹ̀rọ ò ní èémí.
Kí ni ìbá fi fẹ́ mi?

Ó tún ní bọ́tìnnì kan tí ń pa àṣìṣe rẹ́.
O ṣi rìn, o tẹ̀ ẹ́, o ò ṣi rìn mọ́.
Mo lò ó lẹ́ẹ̀mejì, ojú tì mí
bí ẹni tó yọ ẹran nínú ìkòkò onílé.
Èmi tí mo ké olè
lé ọ̀rẹ́ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lórí!

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, iná ti lọ láti àná,
fóònù kú mọ́ mi lọ́wọ́
níbi tí mo ti fẹ́ jọba.
Ibi gbogbo pa lọ́lọ́.
Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ lódìkejì títì:
kọ́, kọ́, ìdérí ìgò lórí pákó.
Ta ló tún rí bá ta?
Mo wá bàtà mi. Mo jẹ́ kí ọkọ̀ Ìlobùú kan kọjá.

Òun nìkan ni.
Fìtílà kan, pátákó lórí orúnkún,
àga mi níwájú rẹ̀, òfìfo.
Ó rìn tirẹ̀, ó yí pátákó, ó rìn tèmi,
ó wo ọ̀tún, ó wo òsì,
ó rọra fi ìka kékeré
ti ọmọ kan síbi tí kò yẹ.
Baba ń rẹ́ ara rẹ̀ jẹ!

Mo fa àga. N ò kí i.
Mo ní, "Ọmọ yẹn ò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀."