Ìsàlẹ̀ Àpá

Ẹ̀yìn ilé wa ní Àlíìfù ni mo gbìn ọ́ sí,
létí Hiúsítìn, níbi tí amọ̀ dúdú ti máa ń dógò ti bàtà.
Ọjọ́ méjì ni mo fi gbẹ́ ihò náà.
Ìbíwùmí dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná,
ó ní, "Ṣé òkú lo fẹ́ sin ni, àbí igi?"
Mi ò dá a lóhùn.
Yanrìn báàgì mẹ́fà, ilẹ̀dú báàgì mẹ́rin,
mo kó o jọ bí ebè iṣu,
kí ẹsẹ̀ rẹ má baà rà sínú omi.

Thuận aládùúgbò wa, ará Fiẹtinámù, ló tà ọ́ fún mi.
Ó na ìka sí àpá kan lára èèpo rẹ,
níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀ka olóyè lẹ̀ mọ́ kùkùté aláìlórúkọ,
tí wọ́n fi ọ̀rá dì í títí tí méjèèjì fi di ara kan.
"Òkè yìí ni máńgòrò tí ò ń rà," ó ní.
"Ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ni."

Ní ọdún kẹta, o so mọ́kànlá.
Àràárọ̀ ni mo ń kà wọ́n kí n tó lọ wa bọ́ọ̀sì iléèwé.
Ọ̀kẹ́rẹ́ mú mẹ́rin, kò tilẹ̀ jẹ ọ̀kan tán,
ó bù ú jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó jù ú nù, ọmọ olówó.
A jẹ méje yòókù lórí ìdúró,
omi rẹ̀ ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ wa.
Tánímọ̀wò, ọmọ ọmọ mi, ní ó dùn bíi súìtì.
Mo ní, rárá o,
súìtì ló ń gbìyànjú láti dùn bíi rẹ̀.

Fẹ́búárì dé, òtútù ò kan ilẹ̀kùn.
Mo fi aṣọ ìbora mẹ́ta bò ọ́,
mo so gílóòbù Kérésìmesì àtijọ́ mọ́ ọ lẹ́ka,
irú èyí tó ń gbóná,
kì í ṣe tuntun tó kàn ń tàn bí ẹ̀rín akọ̀wé báńkì.
Aago méjì òru, iná lọ.
Gbogbo àdúgbò ṣú biribiri.
Ìbíwùmí bú sẹ́rìn-ín lórí ibùsùn:
"Nẹ́pà ti tọ̀ wá wá o!"
Àwa mẹ́ta sùn pọ̀ tìbọ̀sẹ̀tìbọ̀sẹ̀.
Àgbálùmọ̀ inú ìkòkò wọlé, inú bàfù ló sùn.
Ìwọ ò ṣeé gbé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ewé rẹ dà bí ewé mọ́ínmọ́ín
tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú.
Thuận mú ọ̀bẹ kékeré wá.
Ó họ èèpo òkè: ó ti rọ.
Ó họ àárín: ó ti rọ.
Ó dé ibi àpá, ó dákẹ́.
"Má tíì hú u."

Ìparí Épírílì ni èéhù méjì yọ, pupa fòò.
Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wò wọ́n
bí ìyá àgbà ṣe ń wo etí ọmọ tuntun
láti mọ àwọ̀ tó máa dà.
Ìsàlẹ̀ àpá ni.
Olóyè ti kú. Ẹsẹ̀ lásán ló jí.

Thuận mi orí. Ó ní ó lè kan,
ó lè jẹ́ kìkì okùn, ó lè má so fún ọdún mẹ́jọ.
"Gé e, n ó fún ọ ní ẹ̀ka tuntun."
Mo mú ọ̀bẹ. Mo gbé e sílẹ̀.
Mo rántí máńgòrò olókùn ẹ̀yìn iléèwé wa ní Ìpetumodù,
tí ẹnikẹ́ni ò gbìn, tí ẹnikẹ́ni ò rà,
tó ń há wa léyín títí di alẹ́,
tí a sì tún ń padà lọ lẹ́kọ̀ òwúrọ̀.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí.
Ọdún mẹ́jọ kì í ṣe ọ̀la.

Tánímọ̀wò fa rọ́bà omi dé ẹsẹ̀ rẹ.
"Bàbá àgbà, kí ni orúkọ rẹ̀ báyìí?"
Mi ò tíì mọ̀, mo ní.
Rọra. Má da omi sí i lójú.