Sukudiráfà Létí Mújídátù

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi wọn ilẹ̀ onílẹ̀,
mo fa okùn ní Ìpájà, mo ri òkúta ààlà ní Ìkòròdú.
Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì dé, ìyàwó mi ní ká ra jẹnẹrétọ̀.
Mo ní mọ́tò ni.
Ó ní irú mọ́tò wo?
Mo ní eré ni mo fẹ́ sá.
Ó rò pé eré ni mo ń ṣe.

Ní Bẹ́gà, oníṣòwò kan fa aláwọ̀ wúrà jáde,
ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń bú ramúramù bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó.
"Alàgbà, agbára irinwó ẹṣin ló wà nínú èyí!"
Mújídátù ò tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.
Ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ,
sálúbàtà rẹ̀ méjèèjì nìkan ni mo ń wò.
Ó pẹ́ kó tó jáde. Ó nu ìka sára ṣòkòtò.
"Wọ́n fi ọ̀dà bo ojú egbò. Ìpáàrà ti jẹ ẹ́ dé egungun.
Bàbá, irinwó ẹṣin, ta ni yóò máa bọ́ wọn?"

Pupa kékeré la rà, onílẹ̀kùn méjì,
tòkúnbọ̀ tí nọ́ọ̀sì kan lò ní Bẹ́ljíọ̀mù.
Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbó dọ́gba:
àmì pé egungun rẹ̀ kò wọ́.
Mújídátù fi ẹnu sukudiráfà gígùn kan ẹ́ńjìnnì,
ó fi ìdí rẹ̀ sétí, ó dijú.
Gbogbo Ládípọ̀ ń pariwo, àwọn tó ń lu páànù ń lu páànù,
òun ń gbọ́ ohùn kan ṣoṣo.
"Ọkàn rẹ̀ balẹ̀," ló wí.
Mo sanwó.

Rírà kọ́ niṣẹ́, mo padà mọ̀.
Ó yọ àga ẹ̀yìn, ó yọ rédíò, ó yọ kápẹ́ẹ̀tì,
ó yọ táyà àfidípò,
ó wo ikùn mi, ó rẹ́rìn-ín:
"Ìyẹn náà wúwo o."
Ó ní ká ra páàdì bíréèkì tó gbówó lórí. Mo rà á.
Òróró bíréèkì ńkọ́? Mo ní ti inú rẹ̀ ṣì mọ́.
Ó wò mí. Kò sọ nǹkan kan.
Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà ni mo fi pamọ́.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ilé iṣẹ́ aṣọ tó ti kógbá sílé ní Ìlúpéjú,
wọ́n fi táyà àlòkù pààlà ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ sórí kọnkéré.
Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ṣéwànú ló ń ju àsíá.
Ìyípo kìíní, ojú mi ṣú.
Ìkejì, ó là. Mo mọ ibi tí kọ́nà ti bẹ̀rẹ̀
bí mo ṣe ń mọ ààlà: ojú á kọ́kọ́ débẹ̀, ọwọ́ á tẹ̀ lé e.
Ìkẹta, mo ń kọrin.
Ìkẹrin, mo tẹ bíréèkì,
ẹsẹ̀ mi rì bí ẹsẹ̀ tó kó sí ẹrẹ̀ ọ̀sà.
Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo fa jíà wálẹ̀, mẹ́ta, méjì,
mo forí sọ àárín àwọn táyà.
Eruku.
Bàtà mi kan ti bọ́.

Mújídátù ò sáré. Ó rìn wá.
Ó fọwọ́ kan irin ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó fà á padà kíá.
"Òróró yìí máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́,
ọ̀sà sì ló yí wa ká. Ó ti hó bí omi ẹ̀kọ.
Òfìfo lẹ ń tẹ̀."

A jókòó ti ọkọ̀ náà.
Irin ń tutù, ó ń dún: kẹ́, kẹ́... kẹ́,
bí ẹni tó ń ka owó ẹyọ sínú agolo.
Mo ka ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún sí i lọ́wọ́.
Ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tì í bọ àpò,
ó sítáàtì ẹ́ńjìnnì, ó na sukudiráfà sí mi.
Mo fi sétí. Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan.
"Ẹ má tíì mí," ló wí.