Orí Tí Wọ́n Ń Mì

Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà pọ́n-ùn.
Ọkọ̀ àlòkù tí Idwal fi ń lọ síbi iṣẹ́ gbówó lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ.
A rí àwòrán rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ òjò kan ní Merthyr:
ilé òkúta, òrùlé alámọ̀ pupa, igi ọ̀pọ̀tọ́ kan,
àti lẹ́yìn ọ̀pọ̀tọ́ náà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó láwọ̀ aró
tí ọkọ mi ń fìka tẹ̀ títí ojú kọ̀ǹpútà fi dọ̀tí.
“Mererid, òkun nìyẹn.”
Mo ní ọjà tó bá pọ́ọ́kú báyìí ní ohun tó ń pa mọ́.
Ó ní àwa náà ti di àlòkù,
ta ló dá wa padà?

Bọ̀gáríà. Òkun Dúdú.
Kò dúdú. Mo wò ó láàárọ̀, mo wò ó lálẹ́,
ó jọ irin tútù, ó jọ wàrà nígbà tí kùrukùru bá bò ó,
ṣùgbọ́n dúdú, rárá.

Nígbà tí a bi Radko, bàbá tó ni ilé,
pé ṣé lóòótọ́ ló fẹ́ tà á,
ó mi orí sọ́tùn-ún, ó mi ín sósì.
Idwal ti ń dì owó rẹ̀ padà sápò.
Ògbufọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀:
nílẹ̀ yìí, ẹni tó mi orí báyìí ti gbà.
Ẹni tó bá mi ín sókè sódò ló kọ̀.
A fọwọ́ sí ìwé mẹ́rìnlá tí a kò lè kà.
Radko ka owó náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan tó gùn bí ṣíbí ọbẹ̀,
ó wá fẹnu ko igi ilẹ̀kùn.

Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ léyín,
pé orí ibùsùn nìkan ni òrùlé yóò máa jò sí
bí ẹni tó mọ ibi tí a ń sùn.
Ọdún kìn-ín-ní, òrùlé. Ọdún kejì, kànga.
Ọdún kẹta, òrùlé lẹ́ẹ̀kan sí i.
Owó pọ́ọ́kú la fi rà á,
owó gọbọi la fi ń bẹ̀ ẹ́ kó má wó.

Ṣùgbọ́n Ginka wà lódìkejì ògiri,
opó tí ohùn rẹ̀ ga ju ti ewúrẹ́ rẹ̀ lọ.
Òun ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ nígbà òtútù,
òun ló ń gbé ìgò tòmátì síwájú ilẹ̀kùn wa.
Ní oṣù kẹta, ó so òwú pupa pọ̀ mọ́ funfun
sí ọrùn ọwọ́ Idwal,
ó ní kó má tú u títí yóò fi rí ẹyẹ àkọ̀.
Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ nínú èdè rẹ̀ kò ju ogún lọ:
búrẹ́dì, òjò, jókòó, jẹun, ó kù.
Ó tó wa lò fún ọdún mọ́kànlá.

Ní ọdún kọkànlá, Idwal kò rí àkọ̀.

Mo tà á ní oṣù kẹsàn-án
fún tọkọtaya kan láti Plovdiv,
iye tí a fi rà á gan-an, wọ́n fi díẹ̀ lé e nítorí sítóòfù.
Ẹni tó mọ ìṣirò yóò ní mo pàdánù.
Kó bá mi ṣírò ọ̀pọ̀tọ́.
Kó bá mi ṣírò ìlà aró yẹn
tí kò fẹ̀ ju ìka ọkọ mi lọ nínú àwòrán,
tó sì wá gba gbogbo fèrèsé.

Nígbà tí mo fẹ́ fa kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́,
mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi kan igi ilẹ̀kùn.
Iyọ̀ ni.

Ginka dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tòun ti ìgò tòmátì.
Mo ṣa ìbéèrè kan jọ nínú ogún ọ̀rọ̀ mi:
ṣé mo ṣì ń bọ̀?
Ó mi orí sókè, ó mi ín sódò,
jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń gbà fún ọmọ.
Lójú àlejò, ó ti gbà.
Èmi kì í ṣe àlejò mọ́.

Mo gbé ìgò náà sórí itan dé pápákọ̀ òfurufú.
Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi.