Ìwé Gbèsè Bàbá Mi

Ìwé náà kò ní ẹ̀yìn mọ́.
Okùn bàtà ni mo fi dè é.
Ó ti mu epo, ó ti mu òjò,
ó mu eruku Bùkúrù fún ọdún mẹ́tàdínlógójì.

Bí o bá ṣí i láti iwájú, gbèsè ni:
Dung Pam, awakùsà, ṣúgà onígun, kọ́bọ̀ mẹ́rìnlá.
Ìyá Chollom, kẹrosín-ìn, ìdajì ìgò.
Málàm Tanimu, ìṣáná méjì, ó ti san.
Málàm Tanimu, ìṣáná méjì, kò tíì san.

Bí o bá yí i po, tí o ṣí i láti ẹ̀yìn,
àwa ni.

Àjàdí bàbá mi ka ìwé mẹ́ta, owó ilé-ìwé tán.
Ó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ọ̀fà,
ó gbé àpótí ìyá rẹ̀ lé itan títí dé òkè.
Ó ta iyọ̀, ó ta ìṣáná fún àwọn tí ń wa kùsà.
Ọdún tí kòtò kùsà ṣófo, tí ilé-iṣẹ́ kógbá sílé,
àwọn onígbèsè ń lọ lóru, lọ́kọ̀ọ̀kan,
bí àtùpà tí ń kú.
Ọdún náà gan-an ni ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wú.
Dókítà gé e dé itan.

Ìgbà náà ló yí ìwé po.
"Iwájú ti dí," ó ní, "ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀yìn wọlé."
Itan tó kù ló gbé ìwé lé,
tó ń kọ ìtàn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ọyẹ́ Bùkúrù,
ọyẹ́ tí ń la ètè bí ẹni la obì!
Àwa mẹ́fà lábẹ́ kúbùsù kan.
Bíírò á gan, á fi èémí yá a.
"Ta ló kọ́kọ́ gbé ìkòkò aró kalẹ̀ lágbolé wa?"
Ìyá mi á dáhùn láti inú òkùnkùn. Á kọ ọ́.

Ní kíláàsì, bàkúwà ni mí, àlejò.
Nílé, nígbà ọdún, wọ́n ní Gàmbàrí dé.
Ìwé yẹn nìkan ló pè mí ní Àwẹ̀ró.

Lánàá, ní Lúgbè, ọmọ mi Ṣíjúwọlá
ti ilé-ìwé dé, ó ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́rí.
Mo bá ike ìpara lọ́wọ́ rẹ̀,
èyí tí ń bó ni láwọ̀ lọ́sẹ̀ méjì.
"Wọ́n ní mo dúdú bí ìdí ìkòkò."
N kò bínú. Iná ti lọ. Mo tan fóònù,
mo tú okùn bàtà, mo ní, kà á.

Ó kà á, ó ń ta kọ́sẹ́:
"Ọmọ... arọ ni wá."
Bàbá mi kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀.
"Àbí aró ni, Mọ́mì?"
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Méjèèjì ni, ọmọ mi. Méjèèjì ni. Máa kà á lọ.

"A kì í rẹ aṣọ lẹ́ẹ̀kan ká ní ó parí.
Ẹ̀ẹ̀kan, ó dà bí omi odò.
Ẹ̀ẹ̀mẹta, ó dà bí ojú ọ̀run.
Ẹ̀ẹ̀meje ló tó dúdú.
Ẹni tó bá dúdú nínú wa,
wọn kò fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣeré."

Ó dákẹ́. Ó wo apá ara rẹ̀.
Kò sọ nǹkan kan.
Ó yí ìwé po sí iwájú, ó fi ìka lé e:
"Málàm Tanimu yìí, ṣé ó padà san?"
Mo ní, ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi pọn bàbá mi dé ọsibítù.
Bàbá kàn gbàgbé láti kọ ọ́ ni.

Ike ìpara ṣì wà níbi tó gbé e sí.
N kò ní bá a jù ú nù.
Ṣùgbọ́n ó wá bíírò lọ,
ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣáná méjì:
ó ti san.
Ó fi àmì sí i, gbogbo rẹ̀.