Mìlímítà Mẹ́rìnlá

Ẹsẹ̀ bàtà kan di mìlímítà mẹ́rin.
Òfin tí mo fi èédú kọ sára ògiri nìyẹn,
ní yàrá ẹ̀yìn, l'Ókè-Pósùn, ní Ẹ̀pẹ́,
níbi tí rélùwéè kò dé rí.
Ọkọ̀ ojú omi la mọ̀.
Bí ẹ bá gbọ́ fèrè níhìn-ín, oníbúrẹ́dì ni.

Inú kọ̀ǹtẹ́nà tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ ìṣeré náà ti jáde.
Ṣafiríyù tà á fún mi pẹ̀lú bàtà kan tó ya lẹ́nu.
Wọ́n kùn ún ní pupa bí ata rodo,
ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yà ju bó ti yẹ lọ:
mìlímítà mẹ́rìndínlógún àtààbọ̀.
Irin tiwa, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àtààbọ̀ ni.
Ẹ ṣírò ó. Mẹ́rìnlá.
Mo yọ ẹsẹ̀ náà, mo fi ayùn rẹ́ ọ̀pá àárín wọn,
méjì àtààbọ̀, díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni ń rẹ́ èékánná ọmọ tuntun.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Sìdíkátù ní, "Ta ni yóò mọ̀?"
Mo ní, "Irin yóò mọ̀."

Páìpù ẹ̀rọ omi àdúgbò,
tí kò sun omi láti ọdún mẹ́jọ, ló di bọ́ílà.
Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ni mo fi ń ti orí ìṣó jáde lára idẹ,
igba ó lé mẹ́rin.
Bí ọ̀kan bá wọ́, mo ju gbogbo rẹ̀ nù, mo tún un ṣe.
Eyín òòyà ni mo fi tẹ agolo sàdíìnì
títí ó fi ń yọ ìlà bí páànù òrùlé:
ilé ìdúró ọkọ̀ nìyẹn.
Sìdíkátù ṣì ń wá òòyà rẹ̀.

Wágọ́nù màlúù ni mo yí padà.
Mo dí àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀,
mo dá ihò atẹ́gùn wínníwínní sókè,
mo kọ ẸJA sí i.
Irú rẹ̀ kò sí rí lójú irin, mo mọ̀.
Ṣùgbọ́n ká ní rélùwéè dé Ẹ̀pẹ́, kí ni ìbá kó?
Funfun rẹ̀ ló pọ̀ jù.
Mo gbé e lọ sídìí ààrò ẹja ẹ̀gbọ́n mi Ṣìfáwù,
mo fi búrọ́ọ̀ṣì gba dúdú ẹnu ààrò, mo fi pa á lára.
Ó wá dà bí ohun tó ti rìn fún ogún ọdún.
Ó sì ń rùn. Ológbò ilé kejì ti jí i gbé lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá mi a máa kó èédú sínú iná,
láti Lafẹ́nwá lọ sókè.
Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àtààbọ̀ ló ga. Méjìlélógún.
Wáyà ni egungun rẹ̀, lẹ́ẹ̀dì ni ẹran ara.
Ṣọ́bìrì rẹ̀ kò wúwo tó ìyẹ́ eṣinṣin.
Mo gbé awò sójú, mo fẹ́ ya ojú rẹ̀:
orí náà kò ju hóró ọkà bàbà lọ,
kò gba ojú.
Ikọ́ rẹ̀ ńkọ́? Mìlímítà mélòó ni ikọ́
tó ń jí gbogbo ilé ní aago mẹ́rin ìdájí?
Òfin ara ògiri kò sọ.
Mo kọjú rẹ̀ síná.
Bó ṣe wà náà nìyẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ la mọ̀ jù.

Lálẹ́ àná, iná dé.
Mùnírù, ọmọ ọmọ mi, fẹ́ fọwọ́ kàn án, mo gbá a lọ́wọ́.
Ó bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé pákó,
ojú rẹ̀ kan ṣe déédéé irin.
Mo tan án.
Ọkọ̀ gbéra láti abẹ́ àga, ó yípo ẹsẹ̀ tábìlì,
ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.
Ọmọ náà fà sẹ́yìn.
"Bàbá àgbà," ó ní, "ó mà tóbi o."

Mo pa iná.
Ẹsẹ̀ òsì ẹ̀yìn ṣì ń fì díẹ̀.
Ó di ọ̀la.