Ó Ku Mẹ́ta

Inú páànù bisikíìtì ni mo ti bá a,
láàárín rìsíìtì iná mànàmáná
àti kọ́kọ́rọ́ mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ò mọ ilẹ̀kùn wọn mọ́.
Kámẹ́rà bàbá mi, Tíṣà Ìbítóyè.
Dúdú ni, kò ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ,
irú èyí tí wọ́n kàn ń nà sójú èèyàn, tí wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́,
kò bi ọ́ léèrè ibi tí o ti kọ́ṣẹ́.
Okùn ọwọ́ rẹ̀ já nígbà kan, ó fi okùn bàtà so ó.
Lẹ́yìn rẹ̀, nínú fèrèsé kékeré kan,
nọ́ńbà dúró sí mọ́kànlélógún.

Mo gbé e wọ mọ́tò ní Òmù-Àrán.
A kọjá Àjàṣẹ́. Nígbà tí a dé Gánmọ̀ mo ti ṣírò tán:
bátìrì, owó; fíìmù tuntun, owó gidi;
ẹni tí yóò fọ̀ ọ́, Ìbàdàn tàbí Èkó, owó mọ́tò pẹ̀lú.
Bẹ́ẹ̀ fóònù àpò mi ya fọ́tò ẹgbẹ̀rún mẹ́fà lọ́dún tó kọjá,
n kò sì wo ogún nínú wọn lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá Búráímọ̀ wà ní ọ̀nà Táíwò,
lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà alùpùpù.
Aago ló ń tún ṣe báyìí.
Ó mi kámẹ́rà létí bí ẹni ń yẹ ẹyin wò.
Ó ṣí ilé bátìrì: omi rẹ̀ ti dì, ó funfun bí iyọ̀.
Ó wo dígí ojú rẹ̀. Ó ní, “Olú ti hù sí i.
Ṣé kí n sọ òótọ́ fún ọ, àbí kí n gbowó rẹ?”
Mo ní òótọ́.
“Owó tí n ó gbà yóò ra irú rẹ̀ méjì.
Àwọn kan wà tí ayé ń wá kiri. Eléyìí kọ́.
Èèyàn kì í gbé àkísà lọ fún télọ̀
àfi tó bá mọ ẹni tó wọ̀ ọ́ rí.”

Mo nawọ́ sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀.
Ó gbá mi lọ́wọ́.
“Fíìmù ṣì wà nínú ẹ̀!
Ìmọ́lẹ̀ ló bí ohun tó wà níbẹ̀,
ìmọ́lẹ̀ náà ni yóò pa á.”

Ọdún mọ́kàndínlógún nínú òkùnkùn.

Mo pe màmá mi. Mo rò pé yóò ní kí n sọ irin nù.
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ ewúrẹ́ rẹ̀, mo gbọ́ tó gbé abọ́ kalẹ̀.
“Bàbá rẹ ló ń ya gbogbo wa.
Lọ wo álíbọ́ọ̀mù: àtàǹpàkò rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀,
ní igun fọ́tò ìsàmì rẹ.
Ọjọ́ tí a lọ wo ère ní Èsìé,
ó dúró lábẹ́ igi, ó ní, ‘Ìwọ náà yà mí.’
Mo tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ mi gbọ̀n.
N kò mọ̀ bóyá mo gé e lórí.”
Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti lọ.

Nígbà tí mo yíjú padà, Bàbá Búráímọ̀ ti mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín,
ó ń fi oje ọsàn wẹ́wẹ́ fọ iyọ̀ náà kúrò.
Ó ki bátìrì bọ̀ ọ́. Kò dún.
Ó fi ìka lù ú lẹ́ẹ̀kan.
Ṣíííín, bí ẹ̀fọn nínú nẹ́ẹ̀tì,
iná pupa kan sì là
bí ojú ẹni tí kò tíì sùn tó.
“Kò yè o,” ni ó wí. “Ó kàn jí ni.”

Mo wé e sínú gèlè, mo gbé e lé itan.
Bóyá ó tó owó tí mo san, ẹ má bi mí.
Ó ku mẹ́ta.
Màmá mi ti ní òun ń lọ wẹ̀,
pé n kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ kí òun tó sọ pé ó yá.
Lẹ́yìn náà a ó rán an lọ sí Ìbàdàn.
Bí olú bá ti jẹ gbogbo rẹ̀, a ó gbà bẹ́ẹ̀.
Bí orí bá sì gé lóòótọ́,
ọrùn ni n ó fi kọ́ ògiri.